Ogún Tí A Kì Í Pín: Bí Jẹjẹrẹ Bá Wà Nínú Ìdílé

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó dá ènìyàn, tó sì fi àwọ̀, ìrísí àti ìṣe òbí sí ara ọmọ bí Ó ti fẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ní ọdún 2018, a kírun sí ọ̀rẹ́ wa kan lára ní àdúgbò. Ẹni ọdún 56 ni. Nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, funfun ẹyinjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ di pupa rúsúrúsú, itọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, ìgbẹ́ rẹ̀ ń funfun bí ẹfun, ara sì ń yún un tọ̀sán-tòru. Gbogbo wa ní ibà pọ́njú ni. Oṣù mẹ́ta ló fi mu àgbo kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Àwọn yẹn sọ pé jẹjẹrẹ ni, pé ojú ọ̀nà òróòro ló wà, ó sì ti tàn dé ẹ̀dọ̀. Kò lò tó oṣù méjì sí i.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí a ń ṣe àdúrà fún un, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Àáfà, ẹ forí jì mí. Ṣé irú àìsàn yìí kì í wà nínú ẹ̀jẹ̀? Ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò?" A dá a lóhùn pé kádàrá ni, pé kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tí kò dára, kí ó tẹra mọ́ àdúrà. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ní ọdún 2022, jẹjẹrẹ ìfun pa àbúrò yìí kan náà ní ẹni ọdún 46. A kò sọ pé bí a bá ti dá a lóhùn lọ́nà mìíràn kò ní kú, nítorí ẹ̀mí wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọkùnrin náà béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wa, àwa sì dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Nígbà tó di ọdún 2024, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ wa tó kọ́kọ́ kú yẹn, ẹni tó kéwú lọ́dọ̀ wa láti kékeré, rí ọkọ. Àwọn òbí ọmọkùnrin fẹ́ rán àgbà kan sí wa láti wádìí ìdílé. Kí àgbà náà tó dé, ìyá ọmọbìnrin ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò wá láṣìírí. Bí wọ́n bá bi yín nípa ikú bàbá rẹ̀ àti ti àbúrò bàbá rẹ̀, ẹ ní ibà ni. Bí wọ́n bá gbọ́ jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé kan, wọn ò ní fẹ́ ẹ mọ́."

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí. Èkíní ni pé, ṣé òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro lè tẹ̀lé ìdílé? Èkejì ni pé, bí ó bá lè tẹ̀lé e, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́? Àwa tí a ti fi àìmọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan kò fẹ́ fi àìmọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. A tọ àwọn tó mọ iṣẹ́ ìṣègùn lọ, a sì ka ohun tí a lè kà. Ohun tí a rí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí sọ.

Àwọn baba wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwádìí ìdílé. Kí wọ́n tó gbé ìyàwó, alárinà yóò béèrè bóyá wèrè wà nílé náà, bóyá wárápá wà, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni bíni là á jọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe náà wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀tẹ̀: ní ọdún 1873, dókítà kan ní ilẹ̀ Norway tó ń jẹ́ Hansen rí kòkòrò tó ń fa ẹ̀tẹ̀. Àìsàn tí kòkòrò ń fà ni, kì í ṣe ohun tí bàbá ń bí mọ́ ọmọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ara wọn dá ṣáṣá ni kò rí ọkọ fẹ́ nítorí pé ẹ̀tẹ̀ mú ẹnì kan nílé wọn. Nítorí náà, kí á tó sọ pé àìsàn kan jẹ́ ti ìdílé, ó yẹ kí á mọ ọ̀nà tó gbà wọlé.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro. Òróòro yìí ń gba inú àwọn ọ̀nà tóóró kan lọ sínú ìfun láti bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Bí jẹjẹrẹ bá hù sójú ọ̀nà náà, òróòro kò ní rí ibi gbà mọ́, yóò padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń pọ́n, tí itọ̀ fi ń ṣókùnkùn, tí ìgbẹ́ sì ń funfun. Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ lọ́pọ̀ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó mú ni kò sí ẹlòmíràn nínú ìdílé wọn tó ní in rí. Ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà tó ti mú ju ẹnì kan lọ, ọ̀nà tó sì gbà wọ inú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ kò jọ ara wọn.

Ọ̀nà kan ni ìkòkò ọbẹ̀. Ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Thailand, níbi tí àìsàn yìí ti pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé, àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa jẹ ẹja odò ní tútù. Aràn pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú ẹja náà tó ń lọ gbé inú ọ̀nà òróòro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1994, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, tó fi ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ṣe ibùjókòó, kéde pé aràn yìí ń fa jẹjẹrẹ. Bàbá, ìyá àti ọmọ lè ní in nílé kan náà, kí àwọn aládùúgbò máa pè é ní àrùn ìdílé, bẹ́ẹ̀ sì ni àwo oúnjẹ ni wọ́n jọ jẹ. Ẹni tó bá se ẹja rẹ̀ jinná ti dí ọ̀nà yẹn mọ́ aràn.

Ọ̀nà kejì ni ibi iṣẹ́. Ní ìlú Osaka ní ilẹ̀ Japan, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan tó ju mẹ́wàá lọ ní jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì tíì pé ẹni ọdún 50. Ọ̀rọ̀ náà di mímọ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2012 àti 2013. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í ṣe ọmọ bàbá. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n jọ ń fà símú nínú yàrá tí atẹ́gùn kò ti ráyè fẹ́. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ta ni kò ní sọ pé èpè ló ń jà nílé wọn?

Ọ̀nà kẹta wà lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní hepatitis B máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń fà jù, ṣùgbọ́n ó ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro náà. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ, ọmọ náà yóò sì máa gbé e kiri láìmọ̀ títí yóò fi dàgbà. Bí ọmọ ìyá mẹ́ta bá ní in, yóò jọ ohun àbímọ́ni, bẹ́ẹ̀ àkóràn ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dènà rẹ̀, láti ọdún 2004 ni ó sì ti wà lára abẹ́rẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà. Ìyàwó tó lóyún tí kò ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ ṣe é. Ìyá tó bímọ, kí ó béèrè abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí i.

Ọ̀nà kẹrin ni ẹ̀jẹ̀ gan-an. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ní ọdún 1895, obìnrin aránṣọ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà sọ fún dókítà kan tó ń jẹ́ Warthin pé òun mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni yóò pa òun, nítorí pé ó ti pa púpọ̀ nínú àwọn ẹbí òun. Dókítà náà kò fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún un pé kí ó má fi ẹnu rẹ̀ pe ibi. Ó mú gègé, ó kọ orúkọ àwọn ẹbí náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà kú lóòótọ́ nípa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Warthin tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1913. Ní ọdún 1966, dókítà mìíràn tó ń jẹ́ Henry Lynch kọ̀wé nípa àwọn ìdílé tó rí bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà títí di òní. Ọdún 1993 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àbùkù náà fúnra rẹ̀ lára jíìnì, ìyẹn àwọn ohun tíńtínní tí òbí ń bí mọ́ ọmọ, tó ń pàṣẹ bí ara yóò ti rí.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àbùkù Lynch yìí kì í fa irú jẹjẹrẹ kan ṣoṣo. Ti ìfun ló ń fà jù, lẹ́yìn náà ti ilé ọmọ. Ti ọ̀nà òróòro wà lára àwọn tó kù. Nínú ìdílé kan náà, ó lè jẹ́ ìfun ló mú ẹ̀gbọ́n, kí ó jẹ́ ilé ọmọ ló mú ìyá, kí ó jẹ́ ọ̀nà òróòro ló mú àbúrò. Orúkọ mẹ́ta, gbòǹgbò kan. Bí òbí kan bá ní àbùkù náà, ìdajì ni àǹfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jogún rẹ̀, bí ẹni ta owó ẹyọ sókè. Ọmọ tí kò bá jogún rẹ̀ kò lè fún ọmọ tirẹ̀. Ẹni tó jogún rẹ̀ pàápàá, kì í ṣe dandan kí jẹjẹrẹ mú un, ewu rẹ̀ ni ó ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà máa ń fi ẹ̀rọ wo inú ìfun rẹ̀ ní ọdún kan sí méjì, bí wọ́n bá sì rí kókó kékeré, wọn yóò yọ ọ́ kí ó tó di jẹjẹrẹ. A mọ irú ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ nínú àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde. Ní ti èyí, ó di ìgbà tí bàbá àti ìyá bá jọ gbé e kí ó tó lè mú ọmọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí fi ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Ní ti Lynch, òbí kan ti tó.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni ẹ̀sìn ní í ṣe pẹ̀lú jíìnì. Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ará oko kan wá sọ́dọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó ní ìyàwó òun bí ọmọ dúdú. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí ìyàwó náà. Ànábì bi í nípa ràkúnmí rẹ̀. Ó ní pupa ni wọ́n. Ó bi í bóyá eléérú kan wà láàárín wọn. Ó ní ó wà. Ó bi í pé níbo ni ìyẹn ti wá. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ dáhùn pé bóyá iṣan ìran àtẹ̀yìnwá kan ló fà á. Ànábì sì fi yé e pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ rẹ̀ lè rí. Ẹ wo ìdáhùn yìí dáadáa. Ohun tó fara pamọ́ lára bàbá ńlá lè jáde lára ọmọ, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé èpè ni, kò sọ òótọ́. Ànábì Ayyub ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́, Ọlọ́hun sì ń yìn ín fún sùúrù rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ bàbá kì í di gbèsè lọ́rùn ọmọ nínú ẹ̀sìn wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ kádàrá, kí á má ṣe wádìí, òun náà kò sọ òótọ́, àwa gan-an sì wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018. Nígbà tí Umar ọmọ al-Khattab ń lọ sí ilẹ̀ Sham, tó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó yí padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, láti inú kádàrá Ọlọ́hun kan sí inú òmíràn ni. Àyẹ̀wò pẹ̀lú wà nínú kádàrá. Àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí t'ọlọ́jọ́ ṣe.

Ó wá ku ti ẹ̀bẹ̀ ìyá ọmọbìnrin. Ṣé bí a bá sọ òótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni? Muslim gbà á wá pé nígbà tí Fatimah ọmọ Qays wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Ànábì nípa ọkùnrin méjì tó fẹ́ fẹ́ ẹ, Ànábì kò bo àléébù wọn. Ó sọ pé ọ̀kan kò ní owó, ó sọ pé ọwọ́ èkejì le sí obìnrin, ó sì tọ́ka ẹlòmíràn fún un. Ohun tí àwọn onímọ̀ mú jáde níbẹ̀ ni pé ẹni tí a bá gba ìmọ̀ràn ìgbéyàwó lọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ parọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sọ ju ohun tí ọ̀rọ̀ náà nílò lọ.

A dá ìyá náà dìde. A ní, "Ìyá wa, a kò ní í sọ pé ibà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu wa ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin àti àwọn àgbà ilé yín ni kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀." Ó sunkún. Ó ní ọmọ òun kò mọ orúkọ àìsàn tó pa bàbá rẹ̀. Ẹni ọdún 25 ni ọmọ ọ̀hún.

Nígbà tí àwọn àgbà ilé pàdé, ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n àgbà obìnrin tó kù lára ọmọ ìyá àwọn òkú méjèèjì la ẹnu. Ó ní ìyá tó bí àwọn kò tíì pé ẹni ọdún 50 nígbà tó kú, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ya lára rẹ̀ tí kò dá, àwọn dókítà sì ní ilé ọmọ ni. Wọ́n ní kí òun má sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ abẹ́ obìnrin ni. Ó ti gbé e pamọ́ fún ohun tó ju 40 ọdún lọ. Ẹnì kan mọ ti ìyá, ẹlòmíràn mọ ti bàbá ọmọ, ìyàwó àbúrò ló mọ ti àbúrò. Kò sí ẹni tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rí, nítorí pé oníkálukú ń bo tirẹ̀ láṣìírí. Dókítà tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá kò sọ pé Lynch ni dájú, nítorí àyẹ̀wò jíìnì ló lè sọ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní kí gbogbo ọmọ ilé náà tó ti dàgbà má fi àyẹ̀wò ìfun ṣeré.

Ibi tí a rí ẹ̀kọ́ wa nìyí. Nílé kéwú, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ pínpín ogún. Ohun ìsìnkú ṣáájú, gbèsè òkú tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀, kí ó tó kan àwọn ajogún. A mọ bí a ti ń ka ọmọ, aya, ìyá àti ẹ̀gbọ́n, a kì í fo ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa ohun tó pa òkú, a kì í pín in. A ń sin ín mọ́ òkú. Lójú tiwa, gbèsè ni ìmọ̀ yẹn jẹ́, àwọn ọmọ ni wọ́n sì jẹ ní gbèsè náà. Ẹni tó ń bò ó kò bo àṣírí tirẹ̀, ohun ìní ẹlòmíràn ni ó fi pamọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹbí bá pàdé láti pín ogún, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ àwọn òbí, àwọn òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn. Ẹ kọ àìsàn tó mú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọdún tó jẹ́ nígbà tí wọ́n rí i, àti irú iṣẹ́ tó ṣe. Bí jẹjẹrẹ bá ti mú ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ bàbá tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ìyá, bí ó bá mú ẹnì kan kí ó tó pé 50 ọdún, tàbí bí oríṣi méjì bá mú ẹnì kan ṣoṣo, ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà. Ìwé kan àti gègé kan kò wọ́n ju ohun tí a ń ná sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ òótọ́ fún yín ti fi ọkàn tán yín. Ẹ má gbé e lọ sọ́jà. Bí ìjà bá dé láàárín tọkọtaya lọ́jọ́ iwájú, ẹ má fi àìsàn òkú bú alààyè. Ó sì yẹ kí ẹ wọn ọ̀rọ̀ náà bí ó ti tó, nítorí ọmọ ẹni tí jẹjẹrẹ pa kì í ṣe òkú, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ kì í mú láéláé. Bí ẹ bá ń kọ ọmọ ènìyàn sílẹ̀ nítorí pé ó sọ òótọ́, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ìyá yòókù láti máa parọ́.

Oṣù méjì ni àwọn òbí ọmọkùnrin fi dákẹ́. Ìyá ọmọbìnrin kò bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa ní gbogbo àsìkò náà, a kò sì dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin padà wá pẹ̀lú bàbá rẹ̀, a sì so yìgì ní ọdún 2025. Bí wọn kò bá padà wá ńkọ́? Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí a sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìdáhùn wa ìbá ṣì jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí pé ọmọbìnrin náà nílò òótọ́ yẹn fún ara rẹ̀ kí ó tó di pé ọkọ nílò rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn òkú wa, ní pàtàkì ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa tí a kò dá lóhùn bó ti yẹ. Kí Ó forí jì wá. Kí Ó fún àwọn aláìsàn ní ìwòsàn, kí Ó sì fún àwa alààyè ní ẹnu láti sọ òótọ́ àti etí láti gbọ́ ọ. Àmín.